Ìdọ̀tí Olóró Ọkọ̀ Probo Koala àti Afẹ́fẹ́ Ìlú Abidjan

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún 2006, ọkọ̀ agbépo kan tí ń jẹ́ Probo Koala gúnlẹ̀ sí èbúté Abidjan ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, ó sì já ìdọ̀tí olómi tí ó tó kúbíìkì mítà 528 sílẹ̀. Ní òru ọjọ́ náà ni àwọn ọkọ̀ àjàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e wọ ìgboro, tí wọ́n ń dà á sí ààtàn, sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àti sí ojú àgbàrá. Òórùn burúkú ni ó jí àwọn ará ìlú. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i, àwọn tí ó wá ìtọ́jú lọ sí ilé ìwòsàn lé ní 100,000; wọ́n dá ènìyàn 69 dúró sí ilé ìwòsàn, àwọn aláṣẹ Côte d'Ivoire sì ka ènìyàn 15 mọ́ àwọn tí ìdọ̀tí náà pa. Trafigura, ilé iṣẹ́ òwò epo tí ó háyà ọkọ̀ náà, kò gbà títí di òní pé ìdọ̀tí náà lè pa ènìyàn tàbí kí ó fa àìsàn líle. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni a mọ̀ jù lọ nínú ìtàn ìbàjẹ́ afẹ́fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òun nìkan ni ó ń ba afẹ́fẹ́ agbègbè náà jẹ́.

Èbúté tí èyí ti ṣẹlẹ̀ kò tíì pẹ́ púpọ̀. Títí di àárín ọ̀rúndún ogún, yanrìn etíkun ni ó ya ọ̀sà Ébrié nípa kúrò lára òkun, tí ọkọ̀ ńlá kò fi lè wọ inú rẹ̀. Ní ọdún 1950 ni wọ́n parí ọ̀nà omi Vridi, tí ó gùn tó kìlómítà 2.7, tí òkun àti ọ̀sà sì pàdé. Èbúté ṣí ní ọdún 1951. Láti ìgbà náà ni kòkó, kọfí, igi gẹdú àti epo ti ń gba ibẹ̀ kọjá. Ilé ìfọpo SIR bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Vridi ní ọdún 1965, ilé iṣẹ́ amúnáwá tí ń lo gáàsì sì tẹ̀lé e lẹ́yìn náà. Àwọn àdúgbò òṣìṣẹ́ yí èbúté ká: Treichville, Koumassi, Port-Bouët. Àwọn Yorùbá, pàápàá jù lọ àwọn ará Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ti ń ṣòwò ní ìlú yìí láti ayé ìjọba Faransé, orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ sì fi ń pè wọ́n ni Anago. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Èjìgbò ni ó jẹ́ pé Abidjan ni ilé wọn kejì, nítorí náà ohun tí ó bá bá afẹ́fẹ́ Abidjan kì í ṣe ìròyìn ọ̀nà jíjìn fún wọn.

Abidjan kọ́ ni ìdọ̀tí náà ti ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe inú ilé ìfọpo Vridi ni ó ti jáde. Mẹ́síkò ni orírun rẹ̀. Ní ilé ìfọpo Cadereyta, tí í ṣe ti ilé iṣẹ́ ìjọba Pemex, irú epo kan wà tí ó kún fún imí ọjọ́, tí Pemex kò sì ní ohun èlò tó láti fọ̀ ọ́ mọ́. Wọ́n fi ọkọ̀ àjàgbé gbé e lọ sí Brownsville ní Texas, Trafigura sì rà á ní owó pọ́ọ́kú láti ìparí ọdún 2005. Èrò oníṣòwò náà ni pé bí òun bá lè dín imí ọjọ́ inú rẹ̀ kù, òun yóò lè pò ó mọ́ bẹntiróòlù, kí òun sì tà á ní èrè gọbọi.

Ọ̀nà tí wọ́n yàn láti fọ̀ ọ́ kì í ṣe tuntun. Kọ́sítíìkì sódà, irú èyí tí àwọn aláró ń lò fún àdìrẹ tí àwọn kan sì ń lò fún ọṣẹ ṣíṣe, ni wọ́n ń dà sínú epo náà. Sódà yóò di mọ́ àwọn ohun olóòórùn tí imí ọjọ́ wà nínú wọn, èyí tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń pè ní mercaptan, yóò sì fà wọ́n lọ sí ìsàlẹ̀ àgbá. Epo tí ó mọ́ díẹ̀ yóò léfòó. Ohun tí ó bá kù nísàlẹ̀ ni wàhálà: omi dúdú tí ó ń jó ni lára bíi sódà, tí ó sì gbé imí ọjọ́ pamọ́ sínú. Iye owó tí a fi ń sọ omi yìí di aláìlóró lè jẹ èrè orí epo náà tán. Ní La Skhira, ní orílẹ̀-èdè Tùnísíà, wọ́n gbìyànjú iṣẹ́ yìí lórí ilẹ̀. Òórùn tí ó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2006 mú kí wọ́n dá a dúró. Nígbà náà ni Trafigura kó iṣẹ́ náà lọ sórí omi. Probo Koala, ọkọ̀ tí wọ́n kàn ní ọdún 1989, tí ó ń ta àsíá Panama tí olówó rẹ̀ sì jẹ́ ilé iṣẹ́ ará Gíríìsì, dúró ní agbègbè Gibraltar láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹfà, wọ́n sì sọ àgbá inú rẹ̀ di ilé ìfọpo. Lójú òkun, kò sí aládùúgbò tí yóò fi òórùn sùn.

Ọjọ́ 2 oṣù keje ni ọkọ̀ náà dé Amsterdam. Gbogbo èbúté ńlá ni ó ní ibi tí ọkọ̀ ti lè da omi ìfọ̀kọ̀ nù, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn àgbáyé tí a ń pè ní MARPOL ti là á sílẹ̀. Irú omi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ pé ó wà nínú ọkọ̀. Ilé iṣẹ́ Amsterdam Port Services gbà láti gbà á ní iye tí kò tó 30 owó Yúró fún kúbíìkì mítà kan. Bí wọ́n ti ń fà á jáde ni òórùn gba àdúgbò kan, tí àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ilé iṣẹ́ náà yẹ omi náà wò, wọ́n rí i pé kì í ṣe omi ìfọ̀kọ̀ lásán, wọ́n sì gbé iye owó náà lọ sí nǹkan bí 1,000 owó Yúró fún kúbíìkì mítà kan. Trafigura kọ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn láàárín àwọn aláṣẹ Amsterdam, wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ náà gba ìdọ̀tí rẹ̀ padà, ó sì kúrò ní ọjọ́ 5 oṣù keje.

Ibi yìí ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ti dúró díẹ̀. Ní Amsterdam, ìwọ̀n ohun tí a mọ̀ nípa ìdọ̀tí náà ti tó láti fi ipò ewu rẹ̀ hàn, iye owó tí ó tọ́ láti san fún ìtọ́jú rẹ̀ sì ti hàn kedere. Ohun gbogbo tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ṣẹlẹ̀ lójú ẹni tí ó ti mọ̀ pé iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ owó kékeré.

Ọkọ̀ náà lọ sí Paldiski ní Estonia, ó ti ibẹ̀ kọrí sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó dé Èkó láti já epo. Ìgbìyànjú láti da ìdọ̀tí náà nù níbẹ̀ kò bọ́ sí i. Abidjan ni ó kàn. Níbẹ̀, ilé iṣẹ́ kékeré kan tí ń jẹ́ Compagnie Tommy, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ ní oṣù keje ọdún náà, gbà láti kó ìdọ̀tí náà ní 30 dọ́là fún kúbíìkì mítà omi ìfọ̀kọ̀ àti 35 dọ́là fún ti kẹ́míkà. Ìwé àdéhùn rẹ̀ jẹ́ ojú ewé kan ṣoṣo tí a fi ọwọ́ kọ. Ó dárúkọ Akouédo nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ti lè da irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí. Akouédo kì í ṣe ilé ìtọ́jú kẹ́míkà. Ààtàn ìlú Abidjan ni, tí wọ́n ń da pàǹtí sí láti ọdún 1965, tí àwọn ènìyàn sì ń gbé ní ẹ̀bá rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Tommy kò ní ọkọ̀ ti ara rẹ̀, ó háyà ọkọ̀ agbépo mìíràn. Púpọ̀ nínú ìdọ̀tí náà lọ sí Akouédo, ìyókù sì bá àwọn àdúgbò mìíràn, láti ẹ̀bá ọ̀nà omi Vridi títí dé Koumassi, Abobo àti ọ̀nà Alépé. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n pọ̀, ibi tí ìdọ̀tí dé jẹ́ 18.

Ohun tí ó sọ omi inú ọkọ̀ di ewu inú afẹ́fẹ́ rọrùn láti yé ni. Níwọ̀n ìgbà tí sódà bá pọ̀ nínú omi náà, ó ń dè imí ọjọ́ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá dà á sórí pàǹtí tí ń jẹrà, tí ó kan nǹkan kíkan, tàbí tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i pẹ́, agbára sódà náà yóò máa dín kù, yóò sì tú gáàsì sílẹ̀. Gáàsì tí ó lè jáde jù lọ ni háídrójìn sọ́fáìdì, tí ó ń rùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́, pẹ̀lú àwọn mercaptan, tí imú ènìyàn ń gbọ́ òórùn wọn kódà nígbà tí wọn kò tó nǹkan. Háídrójìn sọ́fáìdì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ó ń rọra rìn nílẹ̀, ó sì ń bọ́ sínú kòtò àti yàrá. Ní ìwọ̀nba, ó ń ta ojú àti ọ̀nà ọ̀fun. Bí ó bá pọ̀, ó ń pa agbára imú, ẹni tí ó wà nínú ewu yóò sì rò pé òórùn ti lọ. Bí ó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè dá èémí dúró. Àjọ ìjọba tí ń rí sí ìbàjẹ́ àyíká, CIAPOL, àti ilé ìwádìí ìjọba Nẹ́dálándì tí ó yẹ omi tí wọ́n bù ní Amsterdam wò, rí sódà àti àwọn ohun tí imí ọjọ́ wà nínú wọn nínú rẹ̀.

Àwọn tí ó wá sí ilé ìwòsàn ń sọ ti orí fífọ́, ẹ̀jẹ̀ imú, èébì, inú rírun, ara yíyún àti èémí tí kò já gaara. Ìjọba kéde pé ìtọ́jú di ọ̀fẹ́, èrò sì bo àwọn ilé ìwòsàn mọ́lẹ̀. Orílẹ̀-èdè náà ti pín sí méjì láti ìgbà ogun ọdún 2002, ìjọba tí ó wà lórí àléfà sì jẹ́ ti ìgbà díẹ̀, lábẹ́ olórí ìjọba Charles Konan Banny. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án, gbogbo ìgbìmọ̀ mínísítà rẹ̀ kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ nítorí ìdọ̀tí náà. Kò tó. Ní àárín oṣù kan náà, inú bí àwọn èrò débi pé wọ́n lu mínísítà ètò ìrìnnà, wọ́n sì dáná sun ilé olùdarí èbúté. Wọ́n dá olùdarí èbúté, olórí aṣọ́bodè àti gómìnà àgbègbè Abidjan dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ní oṣù kọkànlá, Ààrẹ Laurent Gbagbo dá wọn padà.

Ilé iṣẹ́ Tredi ti ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìdọ̀tí náà, pẹ̀lú ilẹ̀ tí ó ti bà jẹ́, ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n sì fi ọkọ̀ òkun kó o lọ sí Faransé láti sun ún. Oṣù kan péré lẹ́yìn tí ìdọ̀tí náà ti Yúróòpù dé ni ó ti di dandan kí ó padà sí Yúróòpù.

Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ gùn, ó sì lọ́jú pọ̀. Méjì nínú àwọn ọ̀gá Trafigura, Claude Dauphin àti Jean-Pierre Valentini, dé Abidjan ní oṣù kẹsàn-án. Wọ́n mú wọn, wọ́n sì tì wọ́n mọ́lé fún nǹkan bí oṣù márùn-ún. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2007, ilé iṣẹ́ náà bá ìjọba Côte d'Ivoire ṣe àdéhùn láti san bílíọ̀nù 95 owó CFA, láìgbà pé ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀, ìjọba sì fi ẹjọ́ sílẹ̀. Wọ́n dá àwọn ọ̀gá náà sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2008, ilé ẹjọ́ Abidjan rán olórí Compagnie Tommy, tí í ṣe ọmọ Nàìjíríà, lọ sí ẹ̀wọ̀n ogún ọdún, ó sì rán aṣojú ọkọ̀ kan lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Kò sí òṣìṣẹ́ Trafigura kankan nínú àwọn tí wọ́n dá lẹ́jọ́ níbẹ̀.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, nǹkan bí 30,000 ará Abidjan pe Trafigura lẹ́jọ́. Ìhà méjèèjì parí ẹjọ́ náà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009 pẹ̀lú mílíọ̀nù 30 pọ́n-ùn owó gbà-má-bínú, èyí tí ó túmọ̀ sí nǹkan bí 1,000 pọ́n-ùn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó yìí náà kò dé ọwọ́ gbogbo wọn. Ẹgbẹ́ kan tí ó pe ara rẹ̀ ní aṣojú àwọn olùfarapa gba àṣẹ ilé ẹjọ́ ní Abidjan pé kí wọ́n san owó náà sí àpò òun, nǹkan bí 6,000 ènìyàn sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ilé ẹjọ́ Abidjan dá olórí ẹgbẹ́ náà lẹ́bi ní ọdún 2015. Ní ọdún 2016 ni ilé ẹjọ́ gíga Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá dájọ́ pé àwọn agbẹjọ́rò tí ó ṣojú àwọn ará Abidjan, ilé iṣẹ́ Leigh Day, kò ṣọ́ra tó nígbà tí wọ́n fi owó náà sí ilé ìfowópamọ́ ní Abidjan. Ní Nẹ́dálándì, ilé ẹjọ́ Amsterdam bu mílíọ̀nù kan owó Yúró lé Trafigura ní ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 2010, nítorí pé ó kó ìdọ̀tí olóró jáde lọ́nà tí kò bófin mu, ó sì fi irú ohun tí ó jẹ́ pamọ́ ní Amsterdam. Ẹjọ́ náà kò kan ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Abidjan fúnra rẹ̀.

Lórí ikú àti àìsàn, ọ̀rọ̀ kò tíì dọ́gba. Gbólóhùn tí ìhà méjèèjì jọ fọwọ́ sí ní Lọ́ńdọ̀nù sọ pé àìsàn tí ó dà bí ọ̀fìnkìn ni ìdọ̀tí náà lè fà ní èyí tí ó burú jù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Okechukwu Ibeanu, ọmọ Nàìjíríà tí Àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè yàn láti ṣe ìwádìí, sọ ní ọdún 2009 pé ẹ̀rí tí ó lágbára wà tí ó so ikú àti àìsàn náà mọ́ ìdọ̀tí tí wọ́n dà nù. Ìṣòro irú ẹjọ́ báyìí ni pé afẹ́fẹ́ kì í tọ́jú ẹ̀rí. Ilẹ̀ tí epo bá dà sí yóò ṣì máa rùn lẹ́yìn ọdún kan. Gáàsì tí ènìyàn fà símú ní òru ọjọ́ Sátidé lè ti fẹ́ lọ sórí òkun kí ọjọ́ Ajé tó dé.

Kì í ṣe pé òfin kò sí. Ní ọdún 1988 ni ó hàn gbangba pé ìdọ̀tí olóró láti Ítálì ti kún àgbàlá kan ní Koko, nínú Ìpínlẹ̀ Bendel ti ìgbà náà. Nàìjíríà bínú, ó mú kí wọ́n kó ìdọ̀tí náà padà, ó sì ṣe òfin tí ó ka irú ìwà bẹ́ẹ̀ sí ọ̀ràn. Àdéhùn Basel tẹ̀lé e ní ọdún 1989. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà rí i pé kò mú tó, nítorí pé ó gba òwò ìdọ̀tí láàyè bí ẹni tí ń gbà á bá ti fọwọ́ sí i, wọ́n sì ṣe tiwọn ní Bamako ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 1991, èyí tí ó fòfin de kíkó ìdọ̀tí olóró wọ Áfíríkà pátápátá. Àdéhùn Bamako ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ọdún 1998. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí Probo Koala gúnlẹ̀. Ohun tí kò sí ni ẹni tí yóò yẹ ohun inú ọkọ̀ wò kí ó tó bọ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe ní Amsterdam. Ó yẹ ní àkíyèsí pé Abidjan gan-an ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí àdéhùn Bamako ti ṣe ìpàdé wọn kejì, ní ọdún 2018.

Ìyípadà kan tí ó ṣe pàtàkì wáyé ní ojú òkun. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2014, òfin àgbáyé lórí ààbò ọkọ̀ òkun kò gba kí ọkọ̀ máa po epo pọ̀ tàbí kí ó máa fi kẹ́míkà ṣe iṣẹ́ bíi ti ilé ìfọpo nígbà tí ó bá wà lójú ìrìn àjò. Imí ọjọ́ inú epo tí ọkọ̀ òkun ń sun náà gbọ́dọ̀ dín láti ìdá 3.5 sí ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọdún 2020, èyí tí ó kan afẹ́fẹ́ gbogbo ìlú èbúté.

Lórí ilẹ̀, imí ọjọ́ kan náà tí wọ́n ń sá fún ní Mẹ́síkò ń jáde lẹ́yìn ọkọ̀ lójoojúmọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, Nàìjíríà, Benin, Togo, Ghana àti Côte d'Ivoire ṣèlérí ní Àbújá pé àwọn yóò dín imí ọjọ́ inú dísù tí wọ́n ń gbà wọlé láti 3,000 sí 50 nínú mílíọ̀nù kan. Ghana ni ó kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 2017. Àwọn yòókù fà á sẹ́yìn, títí tí àjọ ECOWAS fi fi ẹnu kò ní ọdún 2020 pé iye 50 náà ni yóò jẹ́ ti gbogbo agbègbè. Àwọn onímọ̀ tí ó wọn afẹ́fẹ́ Abidjan àti Cotonou láàárín ọdún 2015 sí 2017, nínú iṣẹ́ ìwádìí DACCIWA, rí ohun mìíràn tí kò gba ojú ìwé ìròyìn: nínú àwọn ibi tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí ní Abidjan, kì í ṣe ojú títì ọkọ̀ tàbí ààtàn Akouédo ni eruku èéfín ti pọ̀ jù, bí kò ṣe ibi tí àwọn obìnrin ti ń fi igi yan ẹja ní Yopougon.

Wọ́n ti pa ààtàn Akouédo dé ní ọdún 2019, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ láti sọ ibẹ̀ di ọgbà ìgbafẹ́. Ètò Àyíká ti Àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè yẹ ibi 18 náà wò, ó sì sọ ní ọdún 2018 pé òun kò rí ìbàjẹ́ tí ó ti ọ̀dọ̀ Probo Koala wá tí ó ju ìwọ̀n tí òfin Côte d'Ivoire gbà lọ. Àyẹ̀wò náà kan ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́, kò kan ara àwọn ènìyàn tí ó fa òórùn náà símú. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Ilé Ẹjọ́ Áfíríkà fún Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ènìyàn ní Arusha dájọ́ lórí ẹ̀sùn tí ẹgbẹ́ LIDHO àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kan ìjọba Côte d'Ivoire. Ó ní ìjọba náà tẹ ẹ̀tọ́ sí ìyè, sí ìlera, sí àyíká tí ó dára àti sí àtúnṣe níwájú òfin mọ́lẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kí ó dá àpò owó gbà-má-bínú sílẹ̀ fún àwọn olùfarapa.